Kúlà Olómi Alága Zachariah

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí àga tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún fìlà rí, ẹ kò dé Ilé Ẹ̀kọ́ Gíga Ìrẹ̀pọ̀ ní Igbudu nílùú Warri lásìkò tí Zachariah Ọlámigòkè jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ibẹ̀. Bí ọkùnrin yìí bá ń bọ̀ nípàdé, àga méjì ni wọ́n ń nù dè é. Ọ̀kan jẹ́ ti Alága, èkejì jẹ́ ti fìlà rẹ̀. Olúsànmí, akọ̀wé ìgbìmọ̀, ló ń fi áńkáṣífì funfun nu méjèèjì, ti fìlà ló sì máa ń kọ́kọ́ nù.

Lọ́jọ́ tí Alága kò bá ráyè wá, fìlà ló ń rán wá. Olúsànmí á gbé e wọlé lórí àwo pẹrẹsẹ, àwọn olùkọ́ á dìde dúró, wọn ò ní jókòó títí fìlà á fi jókòó, akọ̀wé á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé Alága wà nípàdé. Ẹ má bi mí bóyá fìlà ń dá sí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí fìlà bá dá wá, ìpàdé kì í pẹ́, inú gbogbo ènìyàn sì máa ń dùn.

Ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó wà ní Warri ló dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀: àwọn Ìlàjẹ tó ń pẹja tí wọ́n sì ń ṣòwò lẹ́bàá omi, àti àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ń tajà lọ́jà. Ṣọ́ọ̀ṣì dáwó, mọ́ṣáláṣí dáwó. Nígbà tí wọ́n ń wá alága, Zachariah ní kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀rọ tó òun. Kò parọ́ tán o. Ó wa ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì fún ọdún mẹ́jọ kí Ọlọ́run tó fi iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe gbé e dìde. Láti ìgbà tó ti ra jíìpù ló ti fún ara rẹ̀ lóyè Ẹnjiníà, kò sì sẹ́ni tó bi í pé yunifásítì wo ló ti gbà á.

Ní ilé ẹ̀kọ́ yìí, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ayọ̀midọ̀tun. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù ú. Nígbà tí ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì dé lọ́dún tó kọjá, Sapele ni wọ́n gbé e sí, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ní ìwé àṣẹ láti ṣe ìdánwò orí kọ̀ǹpútà. Bọ́ọ̀sì tó wọ̀ bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Kó tó dé, wọ́n ti ti géètì. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún títí, ó sì padà sí Warri láti lọ máa bá ìyá rẹ̀ ta ẹja gbígbẹ fún odindi ọdún kan. Ọ̀rọ̀ yìí dun Morẹ́nikẹ́, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, wọra. Ó búra pé lọ́dún yìí, Igbudu ni ọmọ náà máa jókòó sí ṣe ìdánwò rẹ̀.

Ọlọ́run bá a ṣe é, àjọ ìdánwò ní àwọn máa rán òǹṣàbẹ̀wò wá lọ́jọ́bọ̀. Bí ogún kọ̀ǹpútà bá lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì láìdákẹ́, ìwé àṣẹ dé nìyẹn, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ á sì máa ṣe ìdánwò nílé ara wọn. Wàhálà kan ṣoṣo ló kù. Kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pín ìbéèrè fún ogún yòókù ń gbóná. Fáànù kékeré tó wà lórí ọpọlọ rẹ̀ ti kú, bó bá sì ti ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú, ṣe ló máa pa ara rẹ̀.

Morẹ́nikẹ́ wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí Alága, ó kí fìlà náà mọ́ ọn nítorí kò fẹ́ ìjà, ó sì ṣàlàyé pé kúlà ni òun ń fẹ́. Kì í ṣe kúlà ìrẹsì, bí kò ṣe ohun tó ń jẹ́ kí ọpọlọ kọ̀ǹpútà tutù. Ó ní èyí tó ní fáànù wà ní Jakpa Road, kò ju ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náírà lọ. Ó ní kí wọ́n fi èyí tó bá kù nínú owó tí ẹgbẹ́ dá ra fáànù òkè méjì sí yàrá náà, nítorí pé páànù orí rẹ̀ ń yan àwọn ọmọ bí ẹja.

Alága wúkọ́. Olúsànmí náà wúkọ́.

"Fáànù," ni Alága wí, ó sì wo fìlà rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti bú u. "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ṣé fáànù ni kí òǹṣàbẹ̀wò wá bá lọ́wọ́ èmi Ẹnjiníà? Èmi tí mo fi omi tu ẹ́ńjìnnì ńlá lójú lórí alagbalúgbú omi, nígbà tí àwọn kan kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀? Jẹnẹrétọ̀ aláìní ló ń lo atẹ́gùn. Ẹ́ńjìnnì ọlọ́lá, omi ló ń mu. Kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ mi, omi ló máa mu."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Olúsànmí ní irú ọ̀rọ̀ báyìí kò yẹ kó ṣòfò, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹnikẹ́ni tó bá wọ géètì ilé ẹ̀kọ́ náà á rí i tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kọ ọ́ gàdàgbà pé KỌ̀ǸPÚTÀ WA Ń MU OMI. Àwọn òbí kan rò pé ìkìlọ̀ ni.

Lọ́jọ́ Ajé, Alága àti akọ̀wé rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Abdulmutalib ní Jakpa Road. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni Abdulmutalib, ọjà Igbudu ni bàbá rẹ̀ ti tajà kó tó kú, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí òun sí. Ó gbé kúlà onífáànù síwájú wọn. Alága kò wò ó. Ó ní èyí tó wọ́n jù nínú ṣọ́ọ̀bù ni kó gbé wá. Abdulmutalib bá gbé páálí ńlá kan sọ̀ kalẹ̀: ọ̀pá rọ́bà méjì, fáànù mẹ́ta tó jókòó lórí irin pẹlẹbẹ kan, àti iná pupa, iná búlúù, iná ewé tó ń tàn tó ń kú. Iye rẹ̀ jẹ́ irínwó ẹgbẹ̀rún náírà. Ojú Alága tàn ju kúlà náà lọ.

Abdulmutalib fọwọ́ lé páálí náà. "Bàbá, mo fẹ́ owó yín o, àmọ́ mi ò fẹ́ kí ẹ bú mi lọ́la. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà gé fíìmù látàárọ̀ dalẹ́, mo lè ní kó ra olómi. Ó rẹwà, kì í pariwo púpọ̀, ó sì lè tutù díẹ̀ ju ti fáànù lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè lẹ̀yin fẹ́ máa pín fún ogún ọmọ. Fáànù yìí tó yín, ó ṣẹ́kù. Bí fáànù bá fẹ́ kú, ẹ máa gbọ́ ariwo rẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri nínú eléyìí, bó bá fẹ́ kú, kì í dágbére."

"Ṣé ìwọ náà rò pé mi ò lówó ni?" ni Alága bi í.

Ọjà ni Abdulmutalib ń tà. Ó ka owó, ó di ẹrù.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá bi mí bóyá ohun irínwó ẹgbẹ̀rún dára ju ti ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún lọ, mo lè ní ó dára jù ú lọ díẹ̀. Bó bá jẹ́ owó yín, tí iná aláràbarà sì wù yín, ẹ rà á, ta ló máa mú yín? Ṣùgbọ́n owó yìí, owó ẹja gbígbẹ ni, owó aṣọ tí wọ́n ń tà ní ọ̀pá-ọ̀pá lọ́jà ni. Fáànù òkè méjì wà nínú rẹ̀, àtúnṣe páànù wà nínú rẹ̀. Ó bí mi nínú nígbà tí mo gbọ́, ó sì ń bí mi nínú títí di báyìí.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún Alága: kúlà náà ṣiṣẹ́. Abdulmutalib fọwọ́ ara rẹ̀ dè é mọ́ kọ̀ǹpútà ńlá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n tan gbogbo ogún kọ̀ǹpútà, wọ́n lò ó fún wákàtí mẹ́ta, kò gbóná. Morẹ́nikẹ́ rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ayọ̀midọ̀tun dáhùn ọgọ́ta ìbéèrè níbẹ̀, ó gba mẹ́tàléláàádọ́ta. Ká ní Alága jókòó sílé rẹ̀ títí Ọjọ́bọ̀ fi kọjá ni, ǹ bá má rí ìtàn kankan sọ fún yín. Ṣùgbọ́n ta ló máa ra ohun olówó ńlá tí kò ní pe ènìyàn wá wò ó?

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, wọ́n kó àwọn àgbà jọ sí yàrá kọ̀ǹpútà fún ìfilọ́lẹ̀. Àwọn Ìlàjẹ jókòó sí apá kan, àwọn ará Ọ̀yọ́ sí apá kejì, fìlà sì wà lórí àga tirẹ̀ ní àárín. Olúsànmí ka oyè Alága fún ìṣẹ́jú mẹ́rin: Olóyè, Ẹnjiníà, Alàgbà, Baba Ìmọ̀, Ìtànṣán tó tàn láti Igbudu dé Airport Road. Alága dìde, ó tọ́ka sí kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n ti ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ojú lè rí iná rẹ̀, ó sì sọ fún wọn pé gẹ́gẹ́ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe ń fi omi tutù lójú omi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni eléyìí ń ṣe. Ó ní èkejì rẹ̀ kò sí ní gbogbo Delta.

Bàbá Akínfẹ́mi nawọ́ sókè. Àgbà yìí ló kọ́ Zachariah ní ọkọ̀ wíwà nígbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé. Kò ní in lọ́kàn láti dá nǹkan kan sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló wù ú.

"Zachariah, ọmọ mi," ló wí, "bó bá jẹ́ omi ló ń lò, níbo ló ti ń tọ̀?"

Ẹ̀yin tí ẹ kò wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì rí, ẹ jẹ́ kí n là yín lọ́yẹ. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ máa ń fa omi odò mu kó lè tutù, á sì tú u jáde láti ihò kékeré kan lẹ́yìn. Ọlọ́kọ̀ tó bá gbọ́n, ó máa ń bojú wẹ̀yìn wò ó. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá tọ̀, kó yáa pa á kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á jóná mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ Ìlàjẹ mọ èyí kó tó mọ A, B, D. Nítorí náà, gbogbo apá ibi tí àwọn Ìlàjẹ jókòó sí na ọrùn láti wo ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbà tọ̀. Wọn kò rí i.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tó lè gba Alága sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ náà ni "mi ò mọ̀". Kò sọ ọ́ rí láti ìgbà tó ti ra jíìpù, ahọ́n rẹ̀ kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ mọ́.

Morẹ́nikẹ́ ló dáhùn. Ó kúnlẹ̀ sọ fún Bàbá Akínfẹ́mi pé omi inú eléyìí kì í jáde rárá, pé inú ọ̀pá méjèèjì yẹn ló ń yí po, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló ti dé e pa. Bàbá náà mi orí. Ó ní ó yé òun, ó sì fẹ́ jókòó. Ibẹ̀ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ parí sí. Ṣùgbọ́n Alága rí i pé wọ́n bi Ẹnjiníà ní ìbéèrè, olùkọ́ obìnrin kan ló dáhùn, àwọn ènìyàn sì ń mi orí fún un.

"Olùkọ́, dákẹ́," ló wí. "Ìwọ tí o ò mọ iwájú ọkọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá sọ òótọ́. Ẹ̀rọ yìí kò tọ̀, àwọn tó tà á fún mi ló dí i. Olúsànmí, mú ọ̀bẹ wá."

Olúsànmí ní ọ̀bẹ kékeré kan lára kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé Alága lọ́wọ́. Morẹ́nikẹ́ sáré na ọwọ́ bo kọ̀ǹpútà náà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n pa á ná."

"Ẹ́ńjìnnì tí kò bá ṣiṣẹ́," ni Alága wí, "ṣé ó lè tọ̀ ni?"

Ó fi ẹnu ọ̀bẹ gún ọ̀pá rọ́bà. Ó tún gún un.

Omi tú jáde. Olúsànmí fò sókè. "Ó ti tọ̀! Ó ti tọ̀ o!" Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, Alága gbé ọ̀bẹ sókè bí ẹni tó pa ẹkùn. Pàtẹ́wọ́ náà kò tíì tán tí nǹkan kan fi ta pàú nínú kọ̀ǹpútà. Òórùn rọ́bà jíjóná gba yàrá kan. Iná aláràbarà kú, lẹ́yìn náà ìbéèrè kúrò lójú gbogbo ogún kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà. Omi ń kán tó, tó, tó sílẹ̀. Morẹ́nikẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

"Ọmọ yìí," ni Bàbá Akínfẹ́mi wí, "o ti pa á."

Alága ní kò kú. Ó ní ó ń sinmi ni. Olúsànmí kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń sinmi.

Lọ́jọ́bọ̀, òǹṣàbẹ̀wò dé, ìyáàfin kan tó ń jẹ́ Cynthia, ẹni tó ń rìn kíákíá tí kì í sì rẹ́rìn-ín lásán. Alága ò wá. Ara rẹ̀ kò yá, ló wí, ṣùgbọ́n ó rán fìlà. Cynthia wọ yàrá náà, ó wá ibi tó máa gbé báàgì rẹ̀ sí, ó sì rí àga tí fìlà wà lórí rẹ̀.

"Abeg, who get dis cap?" ló bèèrè. "Make I put my bag for here."

"Madam, no put am o," ni Olúsànmí wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì. "Na Chairman be dat."

Cynthia wo fìlà. Ó wo Olúsànmí. Ó kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀, ǹ bá fi nǹkan rere tọrẹ kí n lè rí ohun tó kọ.

Morẹ́nikẹ́ kò sùn dáadáa, àmọ́ kò káwọ́ gbera. Ó ti bẹ Abdulmutalib, ẹni náà sì ti gbé kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ wá, èyí tí fáànù ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún jókòó sí lórí. Wọ́n tan án níwájú òǹṣàbẹ̀wò. Ogún kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì gbáko. Kò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ayọ̀midọ̀tun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn, ìrètí sì tún wọ ojú wọn. Nígbà tó tán, Cynthia yẹ nọ́ńbà ara kọ̀ǹpútà náà wò, ó yẹ fọ́ọ̀mù tí ilé ẹ̀kọ́ kọ ránṣẹ́ wò, ó sì mí kanlẹ̀.

"Dis one good well well," ló sọ fún Morẹ́nikẹ́, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "But no be am una write for form. Na di one una write I come test, and di one una write don die. My sister, I no fit lie. Make una apply again next year."

Ọjọ́ Àìkú ni ẹgbẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Alága fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó sọ̀rọ̀ fún ààbọ̀ wákàtí. Ó dá Abdulmutalib lẹ́bi pé ó tajà dídí fún òun, ó dá Morẹ́nikẹ́ lẹ́bi pé ó bá òun du ẹ̀rọ, ó dá Bàbá Akínfẹ́mi lẹ́bi pé ìbéèrè rẹ̀ kò bọ́ sásìkò. Ó kù díẹ̀ kó dá omi lẹ́bi nígbà tí ìyá Ayọ̀midọ̀tun dìde. Mercy ni orúkọ rẹ̀, òun ni olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́, òórùn èéfín kì í sì í tán lára aṣọ rẹ̀.

"Zachariah," ló wí. Kò pe Olóyè, kò pe Ẹnjiníà, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ. "Èmi ò mọ kọ̀ǹpútà. Ẹja ni mo mọ̀. Owó ẹja tí mo yan wà nínú ohun tí o gún lọ́bẹ yẹn. Wọ́n ti tún gbé ọmọ mi sí Sapele. Olùkọ́ yìí bẹ̀ ọ́ pé kí o jẹ́ kí òun pa á ná. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé kí ló dé tí o ò gbọ́?"

Alága wo Olúsànmí pé kó gba òun. Olúsànmí ń wo páànù. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí Alága sọ̀ kalẹ̀ nawọ́, ọwọ́ Olúsànmí ló kọ́kọ́ ròkè, áńkáṣífì funfun ṣì wà nínú rẹ̀.

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, tí àwọn apẹja gbé wá láti etí òkun: ẹni tó bá ba ọkọ̀ ẹlòmíràn jẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa gbé onítọ̀hún dé ibi tó ń lọ títí ọkọ̀ yóò fi sàn. Bàbá Akínfẹ́mi ló rán wọn létí. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n gbé sí Sapele. Wọ́n ní Zachariah ni yóò fi jíìpù rẹ̀ gbé wọn lọ lọ́jọ́ ìdánwò, kò gbọdọ̀ rán dírẹ́bà, kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ìyànjú fún wọn lójú ọ̀nà. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yìí, àwọn ọmọ ló bẹ̀bẹ̀ fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé ìdánwò, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni Zachariah ti dúró síwájú ilé Mercy. Kò fun fèrè. Àwọn ọmọ wọlé sẹ́yìn, wọ́n ń fi pídgìn bi ara wọn ní ìbéèrè, wọ́n sì ń dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹnu rẹ̀ yún un láti dá sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbé e mì. Ojú ọ̀nà ni Ayọ̀midọ̀tun ń wò ní gbogbo ibi tí wọ́n kọjá, pàápàá nígbà tí wọ́n dé ibi tí bọ́ọ̀sì ti bàjẹ́ lọ́dún tó kọjá. Jíìpù kò bàjẹ́. Wọ́n dé nígbà tó ku ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n ti géètì. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Thank you, sir," ó sì sáré lọ tò sórí ìlà.

Zachariah dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lójú géètì. Oòrùn yọ. Ẹ̀ṣọ́ kan rìn wá bá a, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jẹ ẹ̀pà.

"Oga, you no fit park for here."

"You know who I be?" ni Zachariah bi í.

"Who you be?"

Ó la ẹnu. Ó ṣe bí ẹni tó ń retí kí ẹlòmíràn bá òun ka oyè òun. Ó wo inú géètì. Wọ́n ti pe orúkọ Ayọ̀midọ̀tun, ọmọ náà ti na ìwé rẹ̀ sí wọn, ó ń wọ inú gbọ̀ngàn lọ.

"Na me carry di pikin dem come," ló wí.

"Ehen. Na back driver dem dey park."

Ó wọ inú ọkọ̀, ó tan án, ó sì lọ páàkì sẹ́yìn lọ́dọ̀ àwọn dírẹ́bà yòókù.